Aṣọ Tí Ìyá Àgbà Yóò Wọ̀ Wọ Odò

Nígbà tí ìyá àgbà sọ fún mi pé àárín ọyẹ́ ni àwọn máa ṣe ìrìbọmi, mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlá la wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, èmi sì ń wo ìwé kan tí n kò kà dé inú. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń sọ pé òun á yà kí aládùúgbò tó bá di ìrọ̀lẹ́.

"Kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ yìí o, èyí tó tẹ̀ lé e ni," wọ́n wí. "Wá aṣọ tí mo máa wọ̀ wọ odò fún mi. Ṣebí ìwọ lo kàwé."

Ìtàn ni mo kà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, n kò ka omi, n kò sì ka aṣọ. Ṣùgbọ́n lójú ìyá àgbà, ẹni tó kàwé ti kàwé náà nìyẹn; ohun tó kà kò kan ẹnikẹ́ni. N kò tíì pẹ́ tí mo dé. Ọdún kejì tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ń wá olùkọ́ kiri, mo sì ń retí ibi tí wọ́n máa rán mi lọ. Ẹni tó ń retí nǹkan a máa ní àyè púpọ̀ láti bẹ̀rù. Mo ń bẹ̀rù pé wọn ò ní gbà mí síṣẹ́. Mo tún ń bẹ̀rù pé wọ́n á gbà mí, n ò sì ní mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ ẹ̀rù tí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà dá bà mí yàtọ̀ sí ìwọ̀nyẹn. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí bí n kò bá ṣàlàyé rẹ̀, ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà á dà bí ìwà ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Ìyá bàbá mi ni wọ́n. Àwọn ló tọ́ mi láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu mi. Lásìkò òjò tó ṣáájú ọyẹ́ yẹn, òtútù àyà dá wọn dùbúlẹ̀. Ìbàdàn ni mo wà, mò ń múra ìdánwò, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi. Ìgbà tí mo délé ni mo gbọ́ pé wọ́n ti pe àwọn ọmọ jọ sẹ́bàá ẹní wọn, àti pé bàbá mi sunkún lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n yè é. Ṣùgbọ́n ikọ́ kan ṣẹ́ kù sí wọn láyà, ikọ́ kúkúrú kan tó máa ń yọ bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti gbálẹ̀. Ó ti di àṣà mi láti máa dẹtí sí ikọ́ náà láti inú yàrá. Tí mo bá gbọ́ ọ, àyà mi á já. Tí n kò bá gbọ́ ọ, àyà mi á tún já, nítorí mo máa rò pé ohun tó burú ju ikọ́ lọ ló dé.

Nínú ìjọ wa, a kì í wọ́n omi séèyàn lórí. Odò là ń wọ̀, a ó sì ri onítọ̀hún bọ̀ ọ́ pátápátá. Lásìkò òjò, odò wa máa ń kún, ó máa ń pọ́n, ó sì máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nítorí náà, inú ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá ti fà ni wọ́n ń ṣe ìrìbọmi, inú ẹ̀ẹ̀rùn náà sì ni ọyẹ́ wà.

Mo lọ bá pásítọ̀ nílé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n ní kòkó díẹ̀ lóko, ọwọ́ wọn sì le bí ọwọ́ àgbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo wí, "ṣé ìyá ò lè dúró títí ọyẹ́ á fi lọ, kí oòrùn mú díẹ̀?"

"Ohun tí èmi náà sọ fún wọn nìyẹn," pásítọ̀ dáhùn. "Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo ni oòrùn. N ò rí ìdáhùn fún wọn. Ṣé ìwọ rí?"

Mo dìde láti máa lọ.

Wọ́n ní kí n lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin, torí pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni àpótí aṣọ ìrìbọmi máa ń wà. Ìyá Ìjọ tú àpótí náà fún mi. Aṣọ tẹ́rù funfun ni wọ́n fi rán gbogbo wọn, ó fẹ̀ bí àpò, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé mo rí ìka mi láti apá kejì. Wọ́n rán òkúta wẹ́wẹ́ sí ìṣẹ́tí rẹ̀ yíká kí ó má baà léfòó.

"Ohun tí òkúta yẹn ń ṣe pọ̀," Ìyá Ìjọ wí. "Kí a tó máa rán an sí i, arábìnrin kan wọ odò báyìí, aṣọ rẹ̀ gbéra bí agbòjò. Àwọn tó wà létí odò ò rántí orin tí wọ́n ń kọ mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí nínú ẹ̀rín náà. Ohun tí mò ń rí ni àyà ìyá àgbà lábẹ́ aṣọ tí ọwọ́ ń hàn nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá mi ní ọ̀kan, mo sì gbé e lọ sódò lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò gan-an. Mo rò pé bí èèyàn bá mọ òtútù omi bó ṣe rí, tó sì mọ ohun tí aṣọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú rẹ̀, kò sí ìdí tó fi yẹ kí ó bẹ̀rù. Ó dá mi lójú pé àìmọ̀ ló bí ẹ̀rù. Mo gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn, bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ jáde ṣe máa ń gba nǹkan gbọ́.

Odò wa ní ibi méjì tí èèyàn lè wọ̀ láìṣe pé omi gbé e lọ. Ọ̀kan wà lẹ́bàá àpáta, níbi tí oòrùn ti ń ta sí omi láti àárọ̀. Èkejì wà lábẹ́ igi, òjìji ló bo ibẹ̀, omi ibẹ̀ sì tutù lọ́sàn-án gangan. Abẹ́ igi yẹn ni ìjọ ń lò, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ yanrìn, kì í yọ̀ bíi ti ẹ̀bá àpáta. Mo wọ ibi méjèèjì pẹ̀lú aṣọ tẹ́rù náà lọ́rùn. Lẹ́bàá àpáta, ara mi gbà á. Lábẹ́ igi, bí mo ṣe ń mira ni aṣọ fífẹ̀ yẹn ń gba omi tuntun wọlé tó sì ń lé ti tẹ́lẹ̀ jáde, àfi bíi pé ẹnìkan ń bu omi tútù dà sí mi lára léraléra.

Àwọn obìnrin kan ń fọ irú ní ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n ti ń wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Akọ̀wé, o kú ìwẹ̀ o," ọ̀kan nínú wọn wí.

"Kì í ṣe ìwẹ̀ ni mò ń wẹ̀, mà."

"Kí lò ń ṣe nínú omi taṣọtaṣọ? Àbí bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ n'Íbàdàn nìyẹn, kí ẹni tó ni ín wà nínú rẹ̀?"

"Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," èkejì wí. "Ìwé ló gbóná sí i lórí, ó ń fi omi tù ú."

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún wọn, mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n eyín mi ń lu ara wọn. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni mo ń gbọ̀n.

Mo padà lọ ní àárọ̀ ọjọ́ mìíràn, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ibẹ̀, èéfín sì ń gòkè lórí omi bí ti ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Mo ki ẹsẹ̀ bọ odò pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo dúró síbẹ̀, ẹnu yà mí. Omi yẹn kò gbóná ju ti ọ̀sán lọ, mo mọ̀. Afẹ́fẹ́ àárọ̀ ló tutù ju omi lọ. Ìgbà tí mo jáde ni mo rí òtútù gidi. Aṣọ tẹ́rù náà lẹ̀ mọ́ mi lára, atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́ lù ú, ó sì dà bíi pé wọ́n ń fi abẹ kàn mí ní èjìká. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni òtútù máa gbà wá bá ìyá àgbà: inú omi, àti etí odò lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde.

Mo dé ilé pẹ̀lú ìròyìn yìí. Ìyá àgbà kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ṣí àpótí tiwọn, wọ́n sì tẹ́ kíjìpá kan sórí ẹní, kíjìpá aró dúdú tí ó nípọn bí awọ, tó sì ń rùn bí aṣọ tí kò tíì rí oòrùn láti ọjọ́ pípẹ́.

"Mo ti rí aṣọ," wọ́n wí. "Máà yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́."

Mo mọ aṣọ náà. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Àwọn fúnra wọn ló hun ún nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi í pamọ́ fún ọjọ́ tí a bá máa gbé wọn sin.

"Ìyá, aṣọ yín tí ẹ ní…"

"Òun náà ni. Ṣé pásítọ̀ ò kọ́ wa pé ìsìnkú ni ìrìbọmi? Pé a óò kú, a óò sì jíǹde? Aṣọ ìsìnkú mi nìyí. Kí ló tún kù?"

Ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà. Bí mo ṣe ń wá ibi tí kò ti tọ̀nà ni mo ń rí i pé kò sí. Nítorí náà mo ṣe ohun tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń ṣe: mo padà sórí ohun tí mo lè wọ̀n. Mo gba kíjìpá tí bàbá mi fi ń lọ sóko, mo gbé e lọ sódò. Nígbà tí mo ró o gbòòrò, kò yàtọ̀ sí tẹ́rù, omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ọ̀já, irú èyí tí wọ́n fi ń pọn ọmọ, dì í mọ́ ara mi le, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí n kò retí. Omi tó wọlé kò rí ọ̀nà jáde. Ó dúró láàárín aṣọ àti ara mi, kò sì pẹ́ tí ooru ara mi fi sọ ọ́ di lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú mi dùn débi pé mo sọ̀rọ̀ sókè níbi tí mo dá wà. Lẹ́yìn náà mo gbìyànjú láti dìde kúrò nínú omi. Kíjìpá náà ti mu omi yó, ó fà mí sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Èmi tí mo jẹ́ géńdé fi ọwọ́ kan yanrìn kí n tó dúró.

Mo sọ fún ìyá àgbà pé aṣọ náà á wúwo jù.

"Pásítọ̀ lágbára," wọ́n wí.

Mo sọ pé kì í tètè gbẹ.

"Ta ló ń kánjú?"

Mo tún sọ ọ̀rọ̀ atẹ́gùn àti èéfín àti omi tó ń wọlé tó ń jáde. Yorùbá ilé-ẹ̀kọ́ ni mo fi ń ṣàlàyé, àwọn sì ń fi èdè Ìgbómìnà wa dá mi lóhùn ní kúkúrú, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ. Nígbà tó yá, àlàyé tán lẹ́nu mi. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, mo sì sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀rù ń bà mí. Ìgbà tí ẹ dùbúlẹ̀ àìsàn, n ò sí ńlé. Bí ẹ bá fi aṣọ yẹn wọ omi, òkú yín ni mo máa rí. N ò ní lè wo ìrìbọmi kankan. Òkú yín ni ojú mi á máa wò."

Wọ́n gbé igbá ẹ̀gúsí kúrò lórí ẹsẹ̀.

"Èmi rò pé àyà mi lò ń wá aṣọ fún," wọ́n wí. "Àṣé àyà tìrẹ ni òtútù ń mú."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ara mi tún fúyẹ́. Mo rò pé wọ́n á bínú pé mo dá ẹ̀mí wọn lé aṣọ. Wọn kò bínú. Wọ́n ká kíjìpá náà jẹ́jẹ́, wọ́n dá a padà sínú àpótí, wọ́n sì fi oríkì mi pè mí.

"Kí lo wá fẹ́ kí n wọ̀?"

Mo ní súẹ́tà onírun àgùntàn kan tí mo rà ní Ìbàdàn lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sílé. Àwọ̀ eérú ni, apá rẹ̀ gùn jù mí lọ. Mo ti gbé òun náà wọ odò lábẹ́ igi, mo sì ti rí i pé bó bá tilẹ̀ rin gbingbin, kì í tutù sára bí òwú. Ó wúwo díẹ̀, kò tó ti kíjìpá. Mo sọ fún ìyá àgbà pé kí wọ́n wọ̀ ọ́ sábẹ́, kí a fi ọ̀já dì í mọ́ wọn lára, kí aṣọ funfun ìjọ wà lórí rẹ̀. Mo ní ká tún dá iná sétí odò, ká fi kúbùsù sí ìdí rẹ̀ kó gbóná.

Wọ́n gbé ọ̀já náà yẹ̀ wò. "Ta ni mo fẹ́ pọ̀n?"

Ìyá Ìjọ fọwọ́ sí i. "Ohun tó wà lábẹ́ aṣọ, Ọlọ́run nìkan ló ń wò ó," wọ́n wí. "Òun ló sì dá àgùntàn."

Ọjọ́ náà pé. Mo ti dá iná sílẹ̀ kí ìjọ tó dé. Ọyẹ́ mú gan-an, ètè gbogbo wa ti funfun, ìdí igi ò hàn láti ojú ọ̀nà. Pásítọ̀ dúró nínú omi tó dé wọn níbàdí, díákónì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ wọlé, wọ́n sì ń sáré jáde. Mo ń wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbọ̀n, ìgbàgbọ́ tí mo ní nínú súẹ́tà mi sì ń dín kù.

Ìgbà tó kan ìyá àgbà, wọ́n kọ ọwọ́ tí mo nà sí wọn. Wọ́n rìn wọnú omi fúnra wọn, òkúta ìṣẹ́tí aṣọ wọn ń lu ara wọn jẹ́jẹ́ títí omi fi bò ó. Pásítọ̀ bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n dáhùn. Gbogbo wa gbọ́ ìdáhùn wọn, nítorí wọ́n pariwo rẹ̀ bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdì kejì oko. Pásítọ̀ fi ọwọ́ sí wọn lẹ́yìn, wọ́n sì ri ìyá bọ omi.

Kò pẹ́ rárá. Mo mọ̀ báyìí pé kò pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí pásítọ̀ fẹ́ gbé wọn dìde, súẹ́tà ti mu omi, gbígbé àkọ́kọ́ kò gbé wọn, ojú wọn ṣì wà lábẹ́ omi. Díákónì tẹ̀ síwájú. Èmi ti wà nínú odò pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, n kò mọ ìgbà tí mo wọ̀ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi ni pé èmi ni mo dì í mọ́ wọn lára, èmi ni mo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́.

Ìyá àgbà fi ẹsẹ̀ wá yanrìn, wọ́n rí i, wọ́n di èjìká pásítọ̀ mú, wọ́n sì dìde fúnra wọn. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n fẹ́ omi nímú. Apá súẹ́tà ti yọ lábẹ́ aṣọ funfun, ó gùn kọjá ìka wọn, omi ń kán nídìí rẹ̀. Wọ́n rí mi.

"Kí nìwọ ń wá níbí?" wọ́n wí. "Wọ́n ti ṣe tìrẹ tẹ́lẹ̀. Padà."

Mo padà. Àwọn obìnrin ìjọ ti ta aṣọ yí wọn ká kí wọ́n tó dé etí odò. Mo gbé kúbùsù gbígbóná fún Ìyá Ìjọ láti òkè aṣọ náà, mo sì kọ ẹ̀yìn síbẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tú ọ̀já.

"Ìyá, aṣọ àwọn akọ̀wé lẹ wọ̀," obìnrin kan wí.

"Kí ló wá kù ju kí wọ́n fún mi ní ìwé-ẹ̀rí?" ìyá àgbà wí, wọ́n sì tún wúkọ́.

Mo fẹ́ kí n lè sọ pé ikọ́ náà parí síbẹ̀. Kò parí. Ní ọjọ́ kejì ó jinlẹ̀ sí i, wọ́n sì mu ẹ̀kọ gbígbóná nìkan. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, mò ń ro gbogbo ohun tí mi ò ṣe. Bóyá ká ti bẹ pásítọ̀ kí wọ́n lo ẹ̀bá àpáta lọ́sàn-án. Bóyá kíjìpá náà ló dára jù. Bóyá ọ̀já ló le jù láyà wọn tí wọn ò fi mí dáadáa. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa omi àti aṣọ ṣì wà lórí mi, ó sì péye, kò sì dín ẹ̀rù mi kù rárá. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Mo ti rò pé bí mo bá ti yan aṣọ tó tọ́, ìfẹ́ tí mo ní sí wọn ò ní dùn mí mọ́.

Bàbá mi lọ pe dísípẹ́ńsà. Ó wá, ó gbọ́ àyà wọn, ó fún wọn lóògùn, ó ní ká máa wò wọ́n. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá súẹ́tà ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ohun tó burú jù, tàbí òun gan-an ló fa ìwọ̀nba àìsàn tó mú wọn. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà ń parí lọ, mo bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri tí oòrùn ń ta sí. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, mo dẹtí.

"Jáde síbí," wọ́n wí láì wẹ̀yìn. "Bó o ṣe ń dẹtí sí mi láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yẹn, àárẹ̀ ló ń kó bá mi."

Mo jáde. "Ṣé òtútù ò mú yín, ìyá?"

Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ mi lé àárín ẹ̀yìn wọn. Ó gbóná, ooru oòrùn àti ooru ara. Mo ń gbọ́ èémí wọn lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó ń wọlé, ó dún kẹ̀rẹ̀ níbì kan, ó kọjá ibẹ̀, ó sì jáde. Mo retí kó dúró. Ó tún wọlé.

"O ti gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́, mà."

"Bó ṣe wà nìyẹn. Lọ jẹun."

Mo lọ jẹun.